Ìkíni Orí Kẹ̀kẹ́

Ní àdúgbò wọn ní Ìbarà, bí ọkùnrin tó ti fẹ̀yìntì bá ní mọ́tò nílé, tó sì tún ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ohun méjì péré ni aráyé máa rò sí i: yálà mọ́tò ti kú, tàbí orí rẹ̀ ló ti ń yí. Pé ó kàn wù ú bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n ro ọ̀rọ̀ Olúbọ̀dé Adéríbigbé títí, ó sú wọn. Àwọn kan tilẹ̀ pe Àánú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Èkó, pé kó yáa wá wo bàbá rẹ̀, kí ìyà má baà máa jẹ àgbàlagbà nígbà tí ọmọ wà láyé. Ẹnu kì í sin lára ọmọ aráyé. Ọkùnrin náà kò bá wọn jiyàn. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì, jọ́gíráfì ló sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ranjú mọ́ èèyàn ló ń gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ.

Beatrice ìyàwó rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òun náà ti fẹ̀yìntì, orúnkún sì ń dà á láàmú. Ó ní dípò kí òun máa gbé oògùn mì bí ẹni ń jẹ gúgúrú, òun máa gun kẹ̀kẹ́ bí òun ti ń gùn ún nígbà tí òun wà ní ọmọge. Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín títí, ó sì ra méjì. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á so kẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n á gba Ṣàpọ́n kọjá kí ọjà tó kún, ó di Odeda. Wọ́n á gbé mọ́tò sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀, wọ́n á sì bọ́ sórí ọ̀nà pupa tó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá. Mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀, àfi ọ̀kadà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó di àpò èédú tàbí ewúrẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n á yí àwọn abúlé ibẹ̀ po, wọ́n á sì padà sí Odeda.

Ìjà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jà lójú ọ̀nà yẹn. Olúbọ̀dé fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ. Beatrice kò gbà. Níbikíbi tí àgbàlagbà bá jókòó sí, ì báà ṣe abẹ́ igi, ì báà ṣe ẹnu ọ̀nà, Beatrice á tẹ bíréèkì, á sọ̀kalẹ̀, á kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn. Á kí wọn, á béèrè ọmọ, á béèrè aya. Bàbá arúgbó kan wà létí odò, agbọ̀n ló ń hun, ikọ́ sì ń bá a jà. Kò sí Sátidé tí Beatrice kò ní béèrè ikọ́ náà bí ẹni ń béèrè ẹbí. Ọkọ rẹ̀ á dúró sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí pẹ́dàlì, á máa wo òfuurufú.

"Ìyá Àánú, kẹ̀kẹ́ la wá gùn, a ò wá ṣàbẹ̀wò o."

"Bàbá Àánú, ta ló kọ́ yín pé èèyàn ń ti orí kẹ̀kẹ́ kí àgbà? Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Á sọ̀kalẹ̀, á máa kùn. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò fàyè gba kí èèyàn jókòó gẹlẹtẹ kí ẹni tó jù ú lọ, Beatrice kò sì ní tìtorí kẹ̀kẹ́ yí àṣà padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn tó yẹ kó tán láàárọ̀ ṣe máa ń di ọ̀sán.

Abúlé tó jìn jù nínú ìrìn náà ni wọ́n ń pè ní Abà Ṣódùnkẹ́. Ibẹ̀ ni Beatrice ti bá Mùjídàt pàdé. Aláró ni Mùjídàt. Ó ti rẹ aṣọ ní ìgboro Abẹ́òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó kó ìkòkò aró rẹ̀ wá sí abà bàbá rẹ̀, nígbà tí Abdulkabir ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tó ti kúrò nílé. Táyà Beatrice ló jò níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí Olúbọ̀dé tó lẹ̀ ẹ́ tán, àwọn obìnrin méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ igi ọsàn Mùjídàt ni tọkọtaya náà ti máa ń sinmi. Beatrice á wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, Mùjídàt á bu omi tútù fún wọn, á sì já ikàn fún wọn lọ sílé. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń kírun, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa ń sọ kì í tán. Olúbọ̀dé á sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì, á jí, á bá wọn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Beatrice kú. Kò ṣàìsàn lọ títí. Àárọ̀ ló ní àyà ń dun òun, kó tó di ọ̀sán ó ti tán. Nítorí pé ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì ti rí ọmọ ọmọ, wọn ò sunkún rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, wọ́n kọrin, àlùfáà ní ká má ṣe bara jẹ́ bí aláìnírètí. Àwọn èèyàn ń bọ Olúbọ̀dé lọ́wọ́: ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ó ń dáhùn pé a dúpẹ́, a dúpẹ́. Wọ́n ní ó ṣe ọkùnrin.

Kò ṣe ọkùnrin kankan. Kò mọ nǹkan kan lára ni. Ṣé ẹ ti jókòó lé ẹsẹ̀ yín rí títí tó fi kú tipiri, tí ẹ fọwọ́ kàn án tó dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn? Bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ rí. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀, kò sì mọ ìkorò. Ó ń sùn, ó ń jí. Àánú ń pè é nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, ó ń sọ fún un pé dáadáa ni òun wà, irọ́ kọ́ ló sì ń pa, torí kò síbi tó ń dùn ún. Ó tilẹ̀ yẹ kí ìyẹn dẹ́rù bà á. Ó wá ẹ̀rù náà nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ nìkan sẹ́yìn mọ́tò. Ti Beatrice fara ti ògiri nínú gáréèjì. Ọjọ́ náà ló rí i pé òun lè yí gbogbo abúlé po láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bó bá rí èèyàn lókèèrè, á tẹ agogo, á nawọ́ sókè, wọ́n á ní ẹ kú ìrìn o, á ní o o, ó ti kọjá. Kò sí ẹni tó ní kó sọ̀kalẹ̀. Irú ìrìn tó ti ń tọrọ látọjọ́ yìí nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ wàyí. Kò dùn mọ́ ọn, kò sì dùn ún.

Ní Abà Ṣódùnkẹ́, Mùjídàt ń sá aṣọ. Ó rí i lórí kẹ̀kẹ́, ó gbé ohùn sókè:

"Bàbá Àánú, ẹ kú ìrìn o. Ìyá Àánú ńkọ́?"

"Wọ́n wà o. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe òun. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń rí. Bí wọ́n bá bi ọmọ Yorùbá pé ilé ńkọ́, kó tó ronú ó ti ní àlàáfíà ni, ì báà jẹ́ pé òrùlé ń jó lọ́wọ́. Ìdáhùn ti máa ń wà lẹ́nu kí ìbéèrè tó jáde. Bó bá ṣe pé ó sọ̀kalẹ̀ ni, tó dúró, tó wo obìnrin náà lójú, kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sódò, kẹ̀kẹ́ sì ń sáré. Nígbà tó fi mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde, ó ti kọjá afárá. Ẹyin lohùn. Ó ní bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mùjídàt ti dúró dè é létí ọ̀nà pẹ̀lú ikàn nínú ọ̀rá. Ó ní kó bá òun kó o fún Ìyá Àánú, kó sì sọ pé òun ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Olúbọ̀dé gbà á láti orí kẹ̀kẹ́, ó fi kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó dúpẹ́. Nígbà tó délé, ó sè é, ó jẹ ẹ́ tán. Ó yẹ kí ojú tì í. Ojú kò tì í.

Báyìí ni nǹkan ń lọ. Kì í ṣe Mùjídàt nìkan. Bàbá alágbọ̀n ń béèrè, àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ń béèrè, gbogbo wọn ló sì ń gba ìdáhùn kan náà. Àwọn kan fún un ní àgbàdo tuntun, àwọn kan fún un ní ẹ̀pà, òun náà á bá wọn kó ìkíni Beatrice wá. Nígbà ọdún Iléyá, ó ní Beatrice kí Mùjídàt kú ọdún. Mùjídàt ní òun ń pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Olúbọ̀dé ní fóònù ti bàjẹ́. Mùjídàt ní kí ló dé tí kò bá a gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Olúbọ̀dé ní orúnkún ni.

Mi ò ní gbè é lẹ́yìn, ohun tó ń ṣe kò dára. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó mọ̀ pé aya òun wà nínú ilẹ̀. Ní Ìbarà, ní Ṣàpọ́n, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Beatrice ti kú, gbogbo èèyàn sì ti ṣe tán nípa ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà pupa yẹn nìkan ló ti wà nílé, tí orúnkún ń dà á láàmú, tó ń kí tilétilé. Olúbọ̀dé kàn fẹ́ kí ibì kan ṣẹ́ kù tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ni.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Mùjídàt bọ́ sáàárín ọ̀nà dè é. Kò sí ọgbọ́n, ó tẹ bíréèkì, ó fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀.

"Bàbá Àánú, ọ̀rọ̀ orúnkún yìí ti pọ̀ jù. Mò ń kó aṣọ lọ sí ọjà Ìtòkú ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí mo bá ṣe tán níbẹ̀, mo máa yà sí Ìbarà wá wo ọ̀rẹ́ mi. Mo ti rẹ aṣọ kan fún un."

"Ẹ má ṣe ìyọnu," ni Olúbọ̀dé wí.

"Ìyọnu wo? Ṣebí ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ti júwe rẹ̀ fún mi. Ẹ má tíì sọ fún un o. Mo fẹ́ kó bá mi lẹ́nu ọ̀nà lójijì ni."

Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń rí lójú: Mùjídàt dúró ní géètì pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń béèrè Ìyá Àánú, ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń bi í pé ṣé ìyá tó kú yẹn ni. Obìnrin náà á gbọ́ ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ìta, á sì gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Olúbọ̀dé gbèrò láti ti ilé pa, kó gba Èkó lọ bá Àánú. Ó gbèrò rẹ̀ gan-an, ó tilẹ̀ ká ṣòkòtò méjì sínú báàgì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé ọdún kan tí òtítọ́ fi ń mí mọ́ ọn lọ́rùn.

Nírọ̀lẹ́ Fúráìdeè, ó wọ gáréèjì lọ mú nǹkan, ó rí i pé táyà kẹ̀kẹ́ Beatrice ti rọ̀ pátápátá. Ó mú pọ́ǹpù, ó fẹ́ ẹ. Kò mọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Nígbà tó ṣe tán, ó yọ ṣòkòtò kúrò nínú báàgì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tètè jáde, kó lè bá Mùjídàt kó tó gbéra. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ pupa ń lẹ̀ mọ́ táyà. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ káàkiri nígbà ìsìnkú, wọ́n kọ ọ́ pé ó sùn nínú Olúwa. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ó ti lọ sinmi. Ó gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò bó ti ń tẹ pẹ́dàlì lọ, kò sí èyí tó ṣeé sọ fún ẹni tó ń kó ikàn fúnni.

Ó bá a lábẹ́ igi ọsàn, ó ti múra, ó wé ìbòrí funfun, ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń retí ọ̀kadà. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Àánú. Ìyá Àánú ńkọ́?"

Ẹnu Olúbọ̀dé ti là. Ìdáhùn àtijọ́ ti wà lórí ahọ́n. Ó tẹ bíréèkì. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ìjókòó, ó sọ̀kalẹ̀. Kò rí ibi tó máa fi kẹ̀kẹ́ tì, ó sì jẹ́ kó ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú Mùjídàt. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì rí i kí ọkùnrin yìí sọ̀kalẹ̀.

"Ìyá Kabir, Beatrice ti kú."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kó tó di ọdún Àjíǹde."

Mùjídàt ka oṣù sẹ́yìn lórí ìka.

"Ta ló wá kí mi kú ọdún Iléyá?"

"Èmi ni."

"Ikàn tí mò ń kó fún un ńkọ́?"

"Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Kò pariwo mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ lọ sílẹ̀ ni. "Orí ẹní ìkírun ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún orúnkún rẹ̀, Bàbá Àánú. Lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi kú, ẹ ò jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

Mùjídàt jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sígboro, ó sì bú sẹ́kún. Kò pe Ìyá Àánú. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń pè, Beatrice, Beatrice, ó ń bi í léèrè ohun tó ṣe é tí kò fi lè dágbére. Olúbọ̀dé dúró, ó ń gbọ́. Ó wá yé e pé òun kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sunkún Beatrice. Wọ́n ti kọrin, wọ́n ti wàásù, wọ́n ti jẹun, wọn ò sunkún. Nǹkan kan ta á láyà. Ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri, bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ padà sínú rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ló ṣe máa ń gún èèyàn, kò sì ní ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà.

Nígbà tó yá, Mùjídàt fi etí ìbòrí nu ojú. Ó kọjú sí i.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ẹnikẹ́ni kò tíì kí i bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ìnáwó ni gbogbo ìlú kí i.

"Ẹ̀yin gan-an ńkọ́?" ni Mùjídàt bi í.

Ó la ẹnu láti sọ pé a dúpẹ́. Kò jáde.

"Ilé dákẹ́," ló sọ níkẹyìn. "Ilé náà dákẹ́ jù."

Mùjídàt mi orí. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó fa aṣọ kan yọ nínú rẹ̀, aró rẹ̀ dúdú dáadáa, ó ń rùn bí aró tuntun ṣe ń rùn. Olúbọ̀dé na ọwọ́. Mùjídàt kò fún un.

"Tiyín kọ́. Ẹ sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi. Èmi ni mo máa ró o lọ síbẹ̀."

Ó júwe ibẹ̀ fún un. Mùjídàt ká aṣọ náà, ó dì í padà. Ó wá bi í bóyá àwọn tó kù lójú ọ̀nà ti gbọ́. Olúbọ̀dé ní rárá.

"Ẹ máa lọ, nígbà náà. Mi ò ní bá yín sọ ọ́."

Olúbọ̀dé gbé kẹ̀kẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ gbo ẹrẹ̀ kúrò lára ìjókòó, ó gùn ún. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà fà á lọ sódò bó ṣe máa ń fà á. Létí odò, bàbá alágbọ̀n wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín, kò wúkọ́.

"Tíṣà, ẹ kú ìrìn o. Ìyàwó ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún un pé ikọ́ yẹn ti lọ."

Olúbọ̀dé tẹ bíréèkì, ó sọ̀kalẹ̀.